Orí Kẹfà: Fífi Ọwọ́ Ara Ẹni Gbé Linux Sórí Kọ̀ǹpútà

Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ṣíwọ́ iṣẹ́ lórí Windows 10. Kò sí kọ̀ǹpútà tó kú lọ́jọ́ náà. Àwọn láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí wọ́n tò sórí tábìlì ní Ọ̀tìgbà, n'Ìkẹjà, ṣì ń tàn, bátìrì wọn ṣì ń gba iná. Ohun tó yí padà ni pé, bí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí ihò tuntun nínú Windows 10 lónìí, kò sí ẹni tí yóò bá yín dí i mọ́, àyàfi tí ẹ bá wà lára àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àsìkò. Windows 11 tó yẹ kó gbapò rẹ̀ kò sì gbà láti wọ inú ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí. Ó ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn ẹ̀yà kékeré kan tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àṣírí, ó sì ń béèrè CPU tí kò tíì pẹ́ láyé: nínú ti Intel, àfi díẹ̀, láti ìran kẹjọ tó jáde ní 2017 lọ sókè ni ó ń gbà. Báyìí ni láptọ́ọ̀pù ìran kẹrin, tó ṣì lágbára láti tẹ ìwé, láti wo fíìmù, láti fi kọ́ ọmọ níṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ṣe di ohun tí àwọn kan ń kà sí pàǹtí.

Èmi ò gbà pé pàǹtí ni. Ohun kan ṣoṣo ló kùnà lára rẹ̀: ètò ìdarí, èyí tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní operating system. Ètò ìdarí ló dúró láàrin irin àti ènìyàn. Òun ló ń pín àsìkò CPU fún àwọn ètò tó kù, òun ló mọ ibi tí fáìlì wà lórí dísíìkì, òun ló ń gbọ́ nígbà tí a bá tẹ kíbọ́ọ̀dù, òun náà ló sì ń sọ pé lágbájá lè ka fáìlì yìí, tàmẹ̀dò ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. A lè yọ ọ́ kúrò, kí a fi òmíràn sípò rẹ̀, kí irin má sì mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

Ọ̀nà tó rọrùn wà láti ṣe é. A ó fi fláàṣì sí i, àwòrán yóò jáde, a ó máa tẹ bọ́tìnnì kan náà títí yóò fi tán. Ọ̀nà kejì ni ti ọwọ́: ojú dúdú, lẹ́tà funfun, kò sí bọ́tìnnì, kò sí àwòrán. Òun ni orí yìí yóò tọ̀, kì í ṣe pé ó yá ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí kò yá. Ìdí ni pé gbogbo àṣẹ tí a bá tẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè kan tí ẹlòmíràn máa ń bá wa dáhùn kí ẹ̀rọ tó dé ọwọ́ wa. Níbo ni kí fáìlì máa gbé? Ta ni ọ̀gá nínú ẹ̀rọ yìí? Èdè wo ni kó máa sọ? Kí ni kó kọ́kọ́ ṣe bí a bá tàn án? Ìgbà tí a bá dáhùn fúnra wa ni a tó máa ń mọ̀ pé ìbéèrè tilẹ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ̀tọ́ láti ṣe irú èyí kò ṣàdédé wáyé. Ní 1983, Richard Stallman, tó ń ṣiṣẹ́ ní MIT ní Amẹ́ríkà, kéde pé òun fẹ́ kọ ètò ìdarí kan, GNU, tí ẹnikẹ́ni yóò lè lò, tí yóò lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀, tí yóò lè tún un ṣe, tí yóò sì lè fún aládùúgbò rẹ̀. Ìwé àṣẹ tó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, GPL, jáde ní 1989. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni pé ẹni tó bá pín ètò náà fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ pín ẹ̀tọ́ náà mọ́ ọn. Títí di 1991, GNU ti ní ọ̀pọ̀ irinṣẹ́, ṣùgbọ́n kernel, ìyẹn àárín gbùngbùn tó ń bá irin sọ̀rọ̀, kò tíì sí. Ọmọ ọdún 21 kan ní Yunifásítì Helsinki, ní orílẹ̀-èdè Finland, ló kọ èyí tó di tiwa. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún náà, Linus Torvalds kéde fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun ń ṣe ètò ìdarí kan, eré ọwọ́dilẹ̀ lásán, kò ní tóbi. Ní 1992 ó fi í sábẹ́ GPL. Eré ọwọ́dilẹ̀ náà ni Linux, òun ló wà nísàlẹ̀ Android inú fóònù yín, láti oṣù Kọkànlá ọdún 2017 sì ni gbogbo kọ̀ǹpútà 500 tó lágbára jù lọ láyé, nínú ìwé àkọsílẹ̀ TOP500, ti ń lo Linux láìku ẹyọ kan.

Fún wa níhìn-ín, ohun tí GPL túmọ̀ sí kò ní àríyànjiyàn nínú. Fláàṣì kan ṣoṣo lè sìn gbogbo àdúgbò, kò sí jíjí, kò sí "crack" tí kòkòrò bá wọlé.

Kernel nìkan kò tó lò. Àwọn kan ló ń kó o pọ̀ mọ́ àwọn irinṣẹ́ tó kù, tí wọ́n ń fún un lórúkọ. Debian tí Ian Murdock dá sílẹ̀ ní 1993 wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ ni Ubuntu tí Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, gbé jáde ní 2004. Èyí tí a ó lò nínú orí yìí ni Arch Linux, tí Judd Vinet, ará Kánádà, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2002. Mo yàn án nítorí pé kì í pinnu ohunkóhun fún ni. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2021 ni wọ́n ti fi ètò kan tó ń jẹ́ archinstall sínú rẹ̀, tó máa ń bá ènìyàn ṣe gbogbo rẹ̀. A ó fi ìyẹn sílẹ̀ bó ṣe wà.

Fáìlì tí a ó gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí orúkọ rẹ̀ parí sí .iso, lé ní gígábáìtì kan, dátà sì wọ́n. Nítorí náà, kí ẹ tó náwó lé e lẹ́ẹ̀kejì, ẹ wádìí bóyá ti àkọ́kọ́ pé. Ní ibi tí ẹ ti gbà á, ẹ ó rí òǹkà kan tó ń jẹ́ SHA-256, àmì 64 tó tò tẹ̀lé ara wọn. Bí ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà yín ṣírò ti fáìlì tó wà lọ́wọ́ yín, àmì 64 náà gbọ́dọ̀ bá a mu láti orí dé ìdí. Bó bá ṣe pé àmì kan péré nínú bílíọ̀nù ló yí padà, nítorí nẹ́tíwọọ̀kì já láàrin, tàbí nítorí pé ẹnìkan fọwọ́ bà á lójú ọ̀nà, gbogbo òǹkà náà ni yóò yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fo ibí yìí. Wọn á wá fi odidi ọjọ́ kan bá ẹ̀rọ jà lórí ìṣòro tí kò sí lára ẹ̀rọ rárá.

Lórí Windows, ètò tó ń jẹ́ Rufus ni yóò kọ fáìlì náà sórí fláàṣì. Lórí Linux, àṣẹ dd ni, dd kì í sì í béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì: bí ẹ bá ṣì í darí sí dísíìkì tí àwòrán ìgbéyàwó yín wà, orí rẹ̀ ni yóò kọ ọ́ sí. Ohun tó bá wà lórí fláàṣì náà yóò parẹ́, ẹ má wá a mọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ fi fláàṣì sí i, kí ẹ tàn án pẹ̀lú ìka lórí F12 tàbí F9 tàbí Esc, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà bá ṣe fẹ́. Ẹ wọ inú ètò tó wà nínú irin fúnra rẹ̀, UEFI, kí ẹ pa Secure Boot, nítorí fláàṣì Arch kò ní òǹtẹ̀ tí Secure Boot ń wá.

Bó bá gbà, ẹ ó rí ìlà kan ṣoṣo lójú dúdú: root@archiso. Ẹ kò tíì fi nǹkan kan sórí dísíìkì. Inú RAM ni Linux tí ẹ ń wò yìí wà, ó sì ń dúró de àṣẹ. Root ni orúkọ ọ̀gá pátápátá nínú ẹ̀rọ Linux. Ẹni tó bá jẹ́ root lè pa ohun gbogbo rẹ́, kò sì ní rí ẹni dá a lẹ́kun.

Ẹ ó nílò íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí inú rẹ̀ ni ètò tí a fẹ́ fi sórí ẹ̀rọ ti ń bọ̀. Ọ̀nà tó yá jù tí mo mọ̀ ni okùn ṣájà: ẹ so fóònù Android mọ́ láptọ́ọ̀pù, ẹ tan USB tethering, ó parí. Ẹni tó bá fẹ́ Wi-Fi yóò lo iwctl.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni aago, ibí yìí sì ni ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ti máa ń fi ìwà ọjọ́ orí rẹ̀ hàn. Bátìrì kékeré kan wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ, CR2032 ni wọ́n sábà máa ń lò, tó ń jẹ́ kí aago máa lọ bí ẹ̀rọ bá kú. Ní ara ẹ̀rọ tó ti pẹ́ ní iléeṣẹ́ kan lókè òkun kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, bátìrì yìí ti lè kú. Ẹ ó tan ẹ̀rọ, yóò sọ fún yín pé ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn la wà. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹ̀fẹ̀, nítorí òǹtẹ̀ tí Arch fi ń mọ̀ pé ètò tí òun ń gbà jẹ́ ojúlówó ní ọjọ́ lára. Bí aago bá ń sọ pé ọjọ́ náà kò tíì dé, Arch yóò kọ ohun gbogbo, yóò máa pariwo pé òǹtẹ̀ kò dára, ènìyàn á sì máa wá ìṣòro káàkiri. Ẹ tẹ timedatectl, ẹ wo ọdún tó jáde. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti wọlé, aago sábà máa ń tún ara rẹ̀ ṣe. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tún un ṣe.

Dísíìkì ló kàn, ọwọ́ wa yóò sì rọra níbẹ̀. Ẹ tẹ lsblk. Orúkọ yóò jáde: sda, sdb, tàbí nvme0n1 bó bá jẹ́ SSD ìgbàlódé. Kernel kì í wo ẹ̀yìn dísíìkì láti ka orúkọ tí wọ́n kọ sí i. Bó ṣe ń rí wọn ló ń sọ wọ́n lórúkọ: èyí tó kọ́kọ́ rí jẹ́ sda, èyí tó tẹ̀lé e jẹ́ sdb. Nítorí náà fláàṣì yín lè jẹ́ sdb lónìí, kó di sda lọ́la. Orúkọ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ìwọ̀n ni kí ẹ máa wò. Bí fláàṣì bá jẹ́ 16 GB, tí dísíìkì jẹ́ 500 GB, kò sí bí ẹ ó ṣe ṣì wọ́n mú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ká sọ pé sda ni dísíìkì. Ẹ tẹ 'fdisk /dev/sda'. Ètò yìí yóò dúró, yóò máa retí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà g yóò ṣe tábìlì ìpín tuntun irú ti GPT, èyí tó gba ìpín 128. (MBR, irú ti àtijọ́, mẹ́rin péré ló gbà ní tààrà, kò sì lè mọ dísíìkì tó ju tẹ́rábáìtì méjì lọ.) Lẹ́tà n yóò dá ìpín tuntun. A ó dá mẹ́ta: gígábáìtì kan fún ohun tí UEFI yóò kà nígbà tí ẹ̀rọ bá ń jí, mẹ́rin fún swap, ibi tí kernel ń sá sí bí RAM bá kún, kí gbogbo ìyókù sì jẹ́ ilé fáìlì. Lẹ́tà p yóò fi ohun tí ẹ ti ṣe hàn yín. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dájú nípa fdisk ni pé títí di ibí yìí, nǹkan kan kò tíì ṣẹlẹ̀ sí dísíìkì náà. Èrò lásán ni gbogbo rẹ̀, inú RAM ló wà. Bí ẹ bá tẹ q, ẹ ó jáde, ohun gbogbo yóò sì wà bó ti wà. Lẹ́tà w ni ó ń kọ ọ́ sórí dísíìkì. Ẹ gbé ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù kí ẹ tó tẹ w. Ẹ ka ohun tí p fi hàn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ wo ìwọ̀n dísíìkì, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Ìpín tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá kò tíì lè gba fáìlì. Àṣẹ mkfs.fat ni a ó fi tún ti àkọ́kọ́ ṣe, nítorí FAT ni UEFI mọ̀ kà. Àṣẹ mkswap ni ti ìkejì, a ó sì fi swapon tàn án. Àṣẹ mkfs.ext4 ni ti ìkẹta, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ibi tí iná ti ń lọ láìdágbére sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Kí kọ̀ǹpútà tó fi fáìlì kan pamọ́, ibi bíi mẹ́ta ni yóò kọ nǹkan sí: ibi tí ọ̀rọ̀ inú fáìlì wà, ibi tí orúkọ rẹ̀ wà, àti ìwé tó ń sọ apá tó ṣófo lórí dísíìkì. Bí iná bá lọ lẹ́yìn tó ti kọ méjì, tí kò tíì kọ ìkẹta, ìwé á ta ko ara wọn. Ext4, tó wọ inú kernel ní kíkún ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, ní ìwé ìrántí kan tó ń jẹ́ journal. Ó máa ń ṣe bí ìyá alájàpá tí kì í gbé àpò ìrẹsì jáde láìkọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òun fẹ́ gbé méjì fún Ìyá Bọ́sẹ̀: bí ariwo bá ṣẹlẹ̀ lọ́jà, tó padà dé, ìwé ni yóò kọ́kọ́ ṣí. Bí iná bá dé, ext4 yóò ka journal, yóò parí ohun tó wà ní àbọ̀ tàbí kó fagi lé e, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sì ni. Ẹ má ṣe ṣì mí gbọ́ o. Ètò orí dísíìkì ni journal ń dáàbò bò. Lẹ́tà tí ẹ ń tẹ̀ lọ́wọ́ tí ẹ kò tíì fi pamọ́ ti bá iná lọ.

Linux kò ní C: àti D:. Igi kan ṣoṣo ló ní, gbòǹgbò rẹ̀ ni àmì yìí: /. Gbogbo dísíìkì, gbogbo fláàṣì, ẹ̀ka ni wọ́n lára rẹ̀. A ó so ìpín kẹta mọ́ /mnt, a ó sì so ti àkọ́kọ́ mọ́ /mnt/boot. Ìgbà yìí ni àṣẹ tó ṣe gbogbo iṣẹ́ náà dé:

pacstrap -K /mnt base linux linux-firmware networkmanager nano

Láti ibí lọ, dátà yóò máa ṣiṣẹ́. Ètò náà ń wá láti íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń tú sórí dísíìkì, orúkọ wọn ń kọjá lójú yín. Mo fi méjì tó gbẹ̀yìn kún un tinútinú. Base kò ní ètò tí a fi ń gba Wi-Fi, kò sì ní ètò tí a fi ń tún fáìlì kọ. Ẹni tó bá gbàgbé wọn yóò tan ẹ̀rọ tuntun rẹ̀, yóò rí i pé kò lè dé orí íntánẹ́ẹ̀tì láti lọ gba ohun tí yóò gbé e dé orí íntánẹ́ẹ̀tì.

A ti sọ pé sda kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Báwo ni ẹ̀rọ náà yóò ṣe wá mọ ìpín tirẹ̀ lọ́la? Nígbà tí mkfs ń ṣiṣẹ́, ó fún ìpín kọ̀ọ̀kan ní òǹkà gígùn kan, UUID, tí òmíràn kò ní. Àṣẹ genfstab -U yóò kọ àwọn òǹkà wọ̀nyí sínú fáìlì tó ń jẹ́ fstab, ẹ̀rọ yóò sì máa fi wọ́n wá ilé ara rẹ̀, ìbáà jẹ́ fláàṣì mẹ́ta lẹ so mọ́ ọn.

Àṣẹ tó kàn, 'arch-chroot /mnt', dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń lò ó lọ. Unix ti 1979 ni chroot ti wá. Ó ń yí ohun tí ètò kan kà sí gbòǹgbò igi padà. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, inú Linux ti orí fláàṣì lẹ wà. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, inú Linux tuntun tó wà lórí dísíìkì lẹ dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ náà kò tíì lè dá jí. Ẹ fi àṣẹ yìí sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

Àwọn ìbéèrè tó kù kéré. Àkókò ibo? Africa/Lagos, Bénin náà sì ń bá a lọ. Ẹni tó bá wà ní Tógò yóò yan Africa/Lome, nítorí wákàtí kan ló wà láàrin. Èdè wo? Ẹ ṣí fáìlì /etc/locale.gen, ẹ ó rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlà, yo_NG sì wà nínú wọn, Yorùbá ti Nàìjíríà. Bí ẹ bá yọ àmì # kúrò níwájú rẹ̀, tí ẹ tẹ locale-gen, ẹ̀rọ yóò mọ orúkọ ọjọ́ àti oṣù lédè wa. Ọ̀pọ̀ ohun tó kù yóò ṣì máa sọ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí kò tíì sí ẹni tó túmọ̀ wọn, ìmọ̀ràn mi sì ni pé kí ẹ yọ # níwájú en_US.UTF-8 náà, kí ẹ fi í ṣe èdè ẹ̀rọ títí ẹ ó fi ní ojú iṣẹ́ tó ní àwòrán. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá pẹ̀lú wà nínú Linux, lábẹ́ ng. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí àwọn kan fi àkókò wọn ṣe nìyẹn, ó sì dùn mọ́ mi ju ọ̀pọ̀ ohun mìíràn tó wà nínú ẹ̀rọ yìí lọ.

Àṣẹ passwd yóò ní kí ẹ fún root ní password. Bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, nǹkan kan kò ní hàn lójú ẹ̀rọ, kódà kò ní sí ìràwọ̀. Kíbọ́ọ̀dù yín kò bàjẹ́. Wọn ò fẹ́ kí ẹni tó dúró lẹ́yìn yín ka iye lẹ́tà rẹ̀ ni. Ẹ tún tẹ 'systemctl enable NetworkManager', kó lè máa jí pẹ̀lú ẹ̀rọ.

Ó wá ku ìbéèrè tó ṣòro jù: ta ni yóò jí kernel? Bí a bá tan ẹ̀rọ, RAM ṣófo, kernel ń sùn lórí dísíìkì, ẹni tó sì mọ dísíìkì kà dáadáa ni kernel fúnra rẹ̀. Nínú àwọn ẹ̀rọ BIOS àtijọ́, báìtì 512 péré ni irin yóò kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dísíìkì, báìtì 446 nínú rẹ̀ ló sì wà fún àṣẹ. Báìtì 446 kò tó kọ ìpínrọ̀ tí ẹ ń kà lọ́wọ́ yìí. Nítorí náà, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó mọ ibi tí ẹni tó tóbi jù ú lọ wà, kó sì pè é. UEFI mú un rọrùn, nítorí ó lè ka FAT: ó wọ inú ìpín àkọ́kọ́ tí a dá, ó rí fáìlì kan, ó gbé e dìde. GRUB ni fáìlì náà nínú tiwa. GRUB yóò gbé kernel sínú RAM pẹ̀lú àpò kékeré kan, initramfs, tí àwọn irinṣẹ́ tí kernel yóò fi ṣí ilé gidi wà nínú rẹ̀. Kernel yóò ṣí ilé náà, yóò pe systemd, tí í ṣe ètò àkọ́kọ́, systemd yóò sì pe àwọn yòókù. Ẹ tẹ 'pacman -S grub efibootmgr', grub-install tẹ̀lé e pẹ̀lú /boot gẹ́gẹ́ bí ibùgbé EFI, kí ẹ sì fi 'grub-mkconfig -o /boot/grub/grub.cfg' parí rẹ̀. Ẹ jáde, ẹ tẹ reboot, ẹ yọ fláàṣì.

Ohun tí yóò jáde máa ń já àwọn kan kulẹ̀. Ojú dúdú ni, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan: login. Kò sí àwòrán, kò sí ibi tí a ń tẹ̀. Ṣùgbọ́n odidi ètò ìdarí nìyẹn, kò sì gbà tó gígábáìtì mẹ́ta lórí dísíìkì. Ojú iṣẹ́ tó ní àwòrán jẹ́ ètò bí ètò mìíràn, ẹni tó bá fẹ́ ni yóò fi kún un. Fún ẹ̀rọ tí RAM rẹ̀ jẹ́ 4 GB, Xfce ni kí ẹ mú.

Bí kò bá jí ńkọ́? Bí ẹ bá rí 'grub>' tó dúró gbọin, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ẹ gbàgbé grub-mkconfig. Bí kernel bá pariwo pé òun kò rí root, UUID ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ má pa ohunkóhun rẹ́, ẹ má sì tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi fláàṣì padà, ẹ so ìpín méjèèjì mọ́ /mnt bí ti àárọ̀, ẹ tẹ arch-chroot, ẹ ti padà wọ inú ilé. Ẹ tún èyí tó bàjẹ́ ṣe, ẹ jáde. Ibí yìí ni owó iṣẹ́ ọwọ́ ti ń wọlé: ẹni tó fi bọ́tìnnì gbé Linux sórí ẹ̀rọ, bí kò bá jí, ó sábà máa ń nu dísíìkì, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fi ọwọ́ ṣe é mọ apá ibi tí ìṣòro wà, nítorí òun ló kọ́ ọ síbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni mo ń rán níṣẹ́ yìí. Àwọn tó ń tẹ ìwé àti káàdì ní Ṣómólú ń fi CorelDRAW jẹun, kò sì sí CorelDRAW fún Linux lónìí. Kí wọ́n má fọwọ́ kan dísíìkì iṣẹ́ wọn. Arch pàápàá ní àléébù kan fún ẹni tí dátà wọ́n fún: ojoojúmọ́ ni ètò inú rẹ̀ ń yí padà, ẹni tó bá fi oṣù mélòó kan sílẹ̀ láìtún un ṣe yóò gba ẹrù ńlá lẹ́ẹ̀kan náà, nǹkan sì lè bàjẹ́ níbẹ̀. Debian máa ń dúró sójú kan fún bí ọdún méjì kí òmíràn tó jáde, àtúnṣe kéékèèké, pàápàá lórí ààbò, ló ń gbà láàrin. Tí wọ́n bá bi mí, Arch ni kí ẹ fi kọ́ṣẹ́, lórí ẹ̀rọ tí kò sí nǹkan tí ẹ nílò lórí rẹ̀. Debian ni kí ẹ fi ṣiṣẹ́ ajé. Ohun tí ẹ bá sì kọ́ lórí ti àkọ́kọ́, dísíìkì, fstab, chroot, GRUB, kò sí èyí tí ẹ kò ní bá pàdé lórí ìkejì.

Kí ẹ tó wá tẹ fdisk fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó fáìlì yín sórí dísíìkì mìíràn, ẹ ṣí méjì mẹ́ta nínú wọn níbẹ̀ láti rí i pé wọ́n ṣí, kí ẹ sì yọ dísíìkì náà kúrò lára ẹ̀rọ pátápátá.